Àgbò Tí A Fà Lọ sí Bánkì Rẹ ní Èkó

Agboolé Oyèwọlé,
Ilare,
Ilé-Ifẹ̀.

Olúwatóbi ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé Èkó ṣì ń bá ọ ṣeré, àbí ó ti ń bá ọ jà? Àwa tó wà nílé ò rí ibi bá wá. À ń jẹ, à ń sùn, ẹni tó bá sì jí láàárọ̀ ń ka ara rẹ̀ mọ́ àwọn tí Ọlọ́run fẹ́ràn. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ kí n tó sọ ohunkóhun, nítorí ó mọ̀ pé bí mo bá ti gbé bírò, mo lè kọ ọ̀rọ̀ tán kí n tó rántí ìkíni. Òkè ni wàá máa lọ, o ò ní í já bọ́. Ojú kò ní í tì ọ́ níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ bá ti ń yọ̀. A kò ní í wá ọ tì. Ṣe àmín sí èyí tó kẹ́yìn yẹn dáadáa, nítorí a wá ọ lọ sí Èkó lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi, Fisáyọ̀mi àbúrò rẹ, tíṣà rẹ̀, bọ́ọ̀sì kan tó kún fún ọmọ ilé-ìwé àti àgbò kan, a sì wá ọ tì.

Má ṣe sọ pé a ò sọ fún ọ ṣáájú. Mo ní kí Fisáyọ̀mi bá mi kọ ọ́ sí ọ lórí Wásáàpù láti inú fóònù ìyá rẹ, a kọ ọ́, a tún un kọ. Lábẹ́ gbogbo ohun tí a kọ, àmì máàkì méjì-méjì ló yọ, ó kọ́kọ́ dà bí eérú, lẹ́yìn náà ó di búlúù. Fisáyọ̀mi ní ó túmọ̀ sí pé o ti kà á. Mo ní rárá o. Èmi náà lọ sílé-ìwé nígbà tèmi, mo mọ ohun tí à ń pè ní máàkì. Bí tíṣà bá fi irú àmì yẹn síwájú iṣẹ́ ọmọ, ó túmọ̀ sí pé ọmọ náà gbà á. Nítorí náà inú mi dùn pé gbogbo ohun tí mo kọ ló tọ̀nà lójú rẹ, kò sí ọ̀kan tí mo kùnà. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé tíṣà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ a máa kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sísàlẹ̀, pé ọmọ yìí gbìyànjú, tàbí pé kó wá rí òun. Ìwọ kàn ń máàkì lọ ni.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ilé-ìwé Fisáyọ̀mi pe àwa òbí sí ìpàdé, Ọ̀gbẹ́ni Ìgbẹ́kẹ̀lé tó ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ àwùjọ sì dìde, ó ní àwọn fẹ́ kó àwọn ọmọ Jéésì Tuu lọ sí ẹ̀skọ́ṣọ̀n ní Èkó, kí ojú wọn lè là. Mo wo àwọn ọmọ náà láti ojú fèrèsé, gbogbo wọn ló lajú sílẹ̀ tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó jọ pé èyí tí Ọlọ́run là fún wọn ní Ifẹ̀ kò tó, ó ku èyí tí Èkó máa là kún un. Mo kàn béèrè pé ṣé àwọn ọmọ Èkó náà máa ń wá sí Ifẹ̀ kí tiwọn lè là. Tíṣà ní wọ́n máa ń wá dáadáa. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń lọ àti àwọn tó ń bọ̀ á máa pàdé lójú ọ̀nà, àwọn awakọ̀ nìkan ni ojú wọn á là jù.

Ó ní wọ́n á wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n á rí òkun, wọ́n á sì wọ ilé-iṣẹ́ ńlá kan kí wọ́n lè rí bí àwọn ènìyàn pàtàkì ṣe ń ṣiṣẹ́. Ibi ilé-iṣẹ́ ńlá yìí ni ọ̀rọ̀ ti há, nítorí wọn ò mọ ẹnì kankan níbì kankan. Ìyá rẹ bá dìde, ó tún gèlè ṣe, ó ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu, pé ọmọ òun ni mánéjà ní bánkì kan ní Èkó, àti pé bí wọ́n bá ti dárúkọ Olúwatóbi lẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀kùn á ṣí. Gbogbo ìpàdé pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni Fisáyọ̀mi ti di ẹni àpọ́nlé ní kíláàsì, wọ́n ń bá a gbé báàgì, wọ́n ń bi í pé ṣé bùrọ̀dá rẹ̀ á jẹ́ kí àwọn jókòó lórí àga rẹ̀ tó ń yí. Ó ní á jẹ́ kí wọ́n jókòó. Ó ṣèlérí fún gbogbo wọn.

Mo rò ó wò lẹ́yìn ìpàdé pé ṣé ìwọ fúnra rẹ sọ fún wa rí pé mánéjà ni ọ́. Ohun tí mo rántí ni pé o ní o ti ríṣẹ́ ní bánkì. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà jáde nílé. Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ran, o ti di akọ̀wé àgbà, nígbà tó fi dé ṣọ́ọ̀ṣì, o ti di mánéjà. Ìwọ náà gbọ́ nípa ìgbéga yìí, nítorí nígbà tí o wálé gbẹ̀yìn, pásítọ̀ pe mánéjà kó dìde kí wọ́n gbàdúrà fún un, o dìde, o sì ṣe àmín. Mi ò bá ọ wí. Ẹni tí wọ́n bá gbé sókè ní gbangba, kò ní í dára kó máa béèrè pé ta ló fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín ìwé kan fún àwa òbí. Mo fi awò ojú mi kà á. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, bí ọmọ bá fara pa tàbí tó kú lójú ọ̀nà, ilé-ìwé kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀, kí òbí fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Tóbi, mo bi tíṣà pé ta ló gba irú àdúrà yìí. Ó ní kì í ṣe àdúrà, òfin ni. Mo ní ohun tí ènìyàn bá fi orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó ti ṣe àmín sí i nìyẹn, ọmọ ta ni wọ́n wá fẹ́ kí n ṣe àmín ikú lé lórí? Mo fa ìlà gba orí gbogbo rẹ̀ kọjá, mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kò ní í ṣẹlẹ̀ lórúkọ Jésù, ìyẹn ni mo wá fọwọ́ sí. Àwọn òbí tó kù rí i, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá Fàrídà kọ tirẹ̀ pé Ọlọ́hun ò ní í gbà fún un. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ìgbẹ́kẹ̀lé fi máa kó àwọn ìwé náà jọ, kò sí ọ̀kan tó lè gbà á sílẹ̀ ní kóòtù mọ́, gbogbo wọn ti di ìwé àdúrà. Ó kó wọn sínú fáìlì, ó mí kanlẹ̀. Kò sì sí ọmọ tó fara pa nínú ìrìn àjò náà, nítorí náà mi ò mọ ẹni tó máa sọ pé a ò mọ̀ọ́kà.

Wọ́n ní kí n bá wọn lọ gẹ́gẹ́ bí aṣojú òbí, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ọmọ mi ló máa gbà wá lálejò. Mo wá rán wọn létí pé a kì í lọ kí ènìyàn ńlá lọ́wọ́ òfìfo. Tó bá ṣe ìwọ nìkan ni, iṣu Ìpetumodù díẹ̀ ì bá tó, àmọ́ ọ̀gá rẹ ń bẹ níbẹ̀, ọ̀gá ọ̀gá rẹ ń bẹ lókè rẹ̀, àti gbogbo ilé tó gbà kí ọmọ Ilare jẹ mánéjà láàárín wọn. Tíṣà ní bánkì kì í gba irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀. A dá a lóhùn pé kò tíì sí ẹni tó rí àgbò lójúkojú tó sọ pé òun ò gbà. Àwọn òbí dáwó, èmi àti Bàbá Fàrídà lọ sí Sábó, Hakeem ẹlẹ́ran sì yan àgbò kan fún wa tó ní ìwo tó ká bí ìgbín, tó máa ń wo ènìyàn bí ẹni pé ènìyàn náà jẹ ẹ́ lówó. Ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì la gbé e sí, láàárín kúlà omi àti àpò búrẹ́dì. Kí a tó kọjá Ìbàdàn, àwọn ọmọ ti fi í jẹ mọ́nítọ̀, nítorí wọ́n ní òun nìkan ni kò pariwo nínú wọn.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé la kọ́kọ́ yà sí. Ọmọ mi, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. A gbéra ní Ifẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkọ̀ jẹ epo, àwọn ọmọ kan bì sára ara wọn, a dé Èkó, wọ́n mú wa lọ síwájú gíláàsì kan, wọ́n ní kí a wo orí idẹ tí àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ ṣe. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń ṣàlàyé fún wa ní àwọn tó ṣe é gbé ní ibì kan tó jìnnà réré. Ọmọ kan náwọ́ sókè, ó ní ẹ̀yìnkùlé àwọn ni. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà ní kó dákẹ́ kó lè kẹ́kọ̀ọ́. Mo sún mọ́ gíláàsì, mo wo orí náà, ó jọ bàbá mi àgbà níbi imú. Mo kí i. Kò dáhùn. Mo sọ fún tíṣà pé ará ilé wa tó bá ti pẹ́ ní Èkó, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Nígbà náà, ẹ̀fẹ̀ ni mo rò pé mò ń ṣe.

A rí òkun pẹ̀lú. Ó pọ̀.

Láti ibẹ̀ a forí lé bánkì rẹ. Ilé náà ga, gíláàsì ni gbogbo ara rẹ̀, irú èyí tí ará inú fi ń rí ará ìta, ṣùgbọ́n tí ará ìta kì í rí nǹkan kan nínú rẹ̀ àfi ara rẹ̀. Ó yẹ ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú owó. Ọ̀pá irin kan dábùú ẹnu ọ̀nà, ilé kótópó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Awakọ̀ fọn fèrè. Fìlà kan yọ díẹ̀ lójú fèrèsé ilé kótópó náà, ó wo ohun tí wọ́n kọ sára bọ́ọ̀sì wa, ó sì yára wọlé padà. Ọ̀pá irin gbéra sókè, a ò rí ẹni tó gbé e. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé ṣé ẹ rí i, a ò tíì dárúkọ rẹ̀ tán tí ọ̀nà ti ṣí. Fisáyọ̀mi na ọrùn bí ògòǹgò.

A bọ́ sílẹ̀, a tò, mo fa àgbò ṣáájú. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé àgbò kì í dá ara rẹ̀ mọ̀ nínú dígí. Ó gbójú sókè, ó rí àgbò mìíràn lẹ́nu ọ̀nà bánkì, tó ní ìwo bíi tirẹ̀, tí bàbá kan tó wọ agbádá bíi tèmi fà lọ́wọ́. Ó dúró. Èyí náà dúró. Ó fẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Èyí náà fẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní àlejò ni wá níbí. Kò gbọ́. Okùn já gbà lọ́wọ́ mi, ó fi orí sọ gíláàsì náà, gbogbo ìta bánkì sì dún bí ìgbà tí wọ́n ju òkò sórí páànù. Àwọn ọmọ hó yèè. Tíṣà ń bá àgbò náà sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó ń pàṣẹ fún un pé kó dáwọ́ dúró, bóyá nítorí pé mọ́nítọ̀ ni. Àgbò tún fà sẹ́yìn láti kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Èmi ti wà nílẹ̀ nínú eruku, fìlà mi ti yí lọ.

Ìgbà yẹn ni sikiọ́ríti náà fò jáde nínú ilé kótópó.

Jẹ́ kí n ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ọ, nítorí mo mọ̀ pé mánéjà kì í sábà wo àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ọmọkùnrin gíga kan ni, aṣọ búlúù rẹ̀ ti ṣá, bàtà rẹ̀ ti lanu níwájú. Àpá kan wà lókè ojú rẹ̀ ọ̀tún, níbi tí tìrẹ wà gan-an, èyí tí o gbà nígbà tí o já bọ́ lórí igi ọsàn. Ó fi ọwọ́ òsì gbá ìwo àgbò mú, ó fi ọ̀tún gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò nílẹ̀, bí mo ṣe kọ́ ọ gẹ́lẹ́. Ó ń bú àgbò náà ní Ifẹ̀ pọ́ńbélé, ó ń sọ irú ìran tó ti wá fún un. Àgbò gbọ́, ó rọ̀. Ó so ó mọ́ òpó, ó gbé mi dìde, ó gbọn eruku kúrò lára agbádá mi, ó gbé fìlà mi lé mi lórí, ó sì tẹ̀ ẹ́ sí apá òsì bí mo ṣe máa ń dé e. Lẹ́yìn náà ló wo ẹ̀yìn mi, ó rí àwọn ọmọ, ó rí Fisáyọ̀mi. Ó fà sẹ́yìn. Ó wá sọ fún mi lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó pè mí ní sà, ó ní ẹran kò gbọ́dọ̀ wọ inú ọgbà náà. Wo ayé o: ó bá àgbò sọ Ifẹ̀, ó bá èmi sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Fisáyọ̀mi ké pe Bùrọ̀dá Tóbi. Ọmọkùnrin náà fa fìlà rẹ̀ bojú, ó tú àgbò, ó ń fà á lọ sẹ́yìn ilé kótópó bí ẹni tí kò gbọ́. Ọmọ kan tí wọ́n ń pè ní Adéolúwa, tó jẹ́ òun ló ń gbé báàgì àbúrò rẹ láti ọjọ́ ìpàdé, ní ṣé mánéjà ló ń da ẹran yẹn, àbí ẹ̀ka àgbò ni bánkì gbé fún un. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Fisáyọ̀mi wo ojú mi pé kí n sọ̀rọ̀. Mo sọ̀rọ̀. Mo ní kì í ṣe òun. Mo ní ọmọ tí mo bí á dọ̀bálẹ̀ fún mi níbikíbi tó bá ti rí mi, ìbáà ṣe nínú ẹrẹ̀, nítorí náà ẹni yìí kàn jọ ọ́ ni. Gbogbo wọn gbà mí gbọ́ nítorí ewú orí mi. Àbúrò rẹ nìkan ni kò gbà.

Obìnrin kan jáde wá láti inú, Arábìnrin Fọláyọ̀ ni wọ́n ń pè é, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó wo ibi tí àgbò kàn, ó rí i pé gíláàsì náà kò là, ó dúpẹ́, ó sì kó wa wọ gbọ̀ngàn kan tó tutù bí òwúrọ̀ ọyẹ́. Ó fún àwọn ọmọ ní bírò àti omi inú ìgò tí àdàbà lè dá mu tán. Ó kọ́ wọn pé owó kò sí nínú ilé náà bí ènìyàn ṣe rò, pé inú àwọsánmà ni wọ́n ń tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí báyìí. Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Mo wá mọ ìdí tí wọ́n fi kọ́ ilé náà ga tó bẹ́ẹ̀.

Mo ní kó bá mi pe Olúwatóbi Oyèwọlé, mánéjà. Ó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní òun ò rí orúkọ náà láàárín àwọn mánéjà. Mo ní kó wo ìsàlẹ̀ díẹ̀. Ó wò ó dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kò sí. Ó ronú, ó ní àfi bó bá wà lára àwọn tí ilé-iṣẹ́ mìíràn kó wá fún àwọn, irú àwọn tó ń gbálẹ̀ tàbí tó ń ṣọ́ géètì, pé orúkọ tiwọn kì í sí níbẹ̀. Mo ní rárá, kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tó kó ọmọ mi wá, èmi àti ìyá rẹ̀ la mú un wá sáyé. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n má bínú. Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Ẹ̀rọ tó mọ kọ́bọ̀ tó kù sápò èmi ará Ilare ni kò mọ ẹni tó ń ṣí ọ̀nà fún un láràárọ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn, mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé irú ìmọ̀ yẹn. Nígbà tí mo dá ọ̀rọ̀ àgbò sílẹ̀, ó ní òfin wọn ò gbà. Tíṣà wò mí. Mo wo òkè àjà.

Bí a ṣe jáde, àwọn ọmọ wọ bọ́ọ̀sì, èmi lọ sẹ́yìn ilé kótópó láti tú àgbò. Abẹ́ òjìji ló wà, omi wà níwájú rẹ̀ nínú abọ́ tí ènìyàn fi ń gbé oúnjẹ wá síbi iṣẹ́, ààbọ̀ búrẹ́dì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sikiọ́ríti náà wà lórí ìdúró. Mo wo gbogbo ibẹ̀ yíká bóyá wọ́n fún un ní àga, mi ò rí i. Àwa méjì péré la wà níbẹ̀. Mo dúró díẹ̀ bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ. Ó wo bàtà rẹ̀. Èmi náà wo bàtà rẹ̀. Mo wá sọ fún un pé mo ní ọmọ kan tó jẹ́ mánéjà níbí, pé bó bá rí i, kó bá mi fún un ní àgbò yìí, kó sì sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ní kó máa jẹun. Ó ní yẹ́sì sà.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì wa ń jáde, òun ló gbé ọ̀pá irin sókè. Bí fèrèsé tí mo jókòó sí ṣe dé ọ̀gangan rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì kan ilẹ̀, ó na ẹsẹ̀ sẹ́yìn, bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń wá a. Mo yẹ ilẹ̀ náà wò dáadáa. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló wà títí a fi yí kọ́nà. Fisáyọ̀mi rí i. Nígbà tí a jáde kúrò ní Èkó, ó bi mí pé ṣé iṣẹ́ kan wà láyé tí kì í jẹ́ kí ènìyàn kí bàbá rẹ̀. Mo ní ó wà. Mo ní iṣẹ́ mánéjà ni.

Nígbà tí a délé, ìyá rẹ bi mí bí mo ṣe bá ọ. Mo ní mi ò bá ọ, pé mo rí ọmọ kan tó jọ ọ́ tó ń ṣọ́ géètì. Kò béèrè nípa géètì. Ó ní ṣé ọmọ náà rù? Mo ní ó rù díẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá kúnlẹ̀ àdúrà, á ní kí Ọlọ́run ṣọ́ Olúwatóbi, kó sì ṣọ́ èyí tó jọ ọ́. Kò sì pe ẹnikẹ́ni ní mánéjà mọ́ níwájú ẹlẹ́ran.

Ti Fisáyọ̀mi ló le jù. Ó padà sí kíláàsì, ó dúró níwájú gbogbo wọn, ó ní ẹni tó mú àgbò yẹn, bùrọ̀dá òun ni, àti pé àṣìsọ ni bàbá òun sọ. Adéolúwa ní kí ló dé tí kò wá jẹ́ mánéjà. Ó ní kí Adéolúwa lọ pe ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ kó wá di irú àgbò yẹn mú, kí àwọn wò ó. Wọn ò bá a gbé báàgì mọ́, ó ń dá gbé e, ó sì ń gbé e tìgbéraga-tìgbéraga. Nítorí náà, ohùn kò ṣọ̀kan nínú ilé wa lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ṣì wà lórí ohun tí mo sọ: kì í ṣe ìwọ.

Ibi ẹ̀bẹ̀ la dé. Òrùlé ilé ìdáná ń jò, ìyá rẹ sì ní kí n má gbàgbé oògùn ẹsẹ̀ òun. Èyí tí apá rẹ bá ká, fi ránṣẹ́, èyí tí kò bá ká, òjò náà á dá. Ìyẹn kọ́ ni mo tìtorí ẹ̀ gbé bírò. Ọ̀gbẹ́ni Ìgbẹ́kẹ̀lé ń padà lọ sí bánkì yín láti lọ dúpẹ́, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Mo ní kó má ṣe gbé e fún kọ̀ǹpútà, kó fi lé sikiọ́ríti yẹn lọ́wọ́, nítorí òun nìkan ló dá mi lójú pé ó mọ ibi tí o wà.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí o bá mi bójú tó sikiọ́ríti náà. Pè é lọ́jọ́ kan tí kò sẹ́ni tó ń wò yín, ìwọ ọ̀gá àti òun. Bi í pé ta ló sọ fún un pé iṣẹ́ géètì jẹ́ ìtìjú. Sọ fún un pé oko olóko ni bàbá rẹ ti kọ́kọ́ roko kó tó ní tirẹ̀, àti pé ní agboolé wa, olè nìkan là ń tijú rẹ̀. Sọ fún un pé bàbá tó sẹ́ ẹ níwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé, oúnjẹ ń korò lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ra bàtà fún un. Bí wọn ò bá ní àga fún un, gbé tìrẹ tó ń yí yẹn sọ̀kalẹ̀ fún un.

Bí Kérésì bá sì dé tí iṣẹ́ mánéjà kò jẹ́ kí o ráyè wálé, má yọ ara rẹ lẹ́nu rárá. Fún sikiọ́ríti náà láàyè kó wá dípò rẹ. Kó wọ aṣọ búlúù rẹ̀ yẹn wá bó bá fẹ́. Ìyá rẹ ti gbá yàrá, Fisáyọ̀mi ní òun á lọ dúró dè é ní gáréèjì, èmi náà á jókòó síta gbangba níbi tí gbogbo Ilare á ti máa wò wá, kó lè wá dọ̀bálẹ̀ èyí tó jẹ mí dáadáa, kí n sì lè fi ọwọ́ ara mi gbé e dìde.

Ọlọ́run tí kì í sùn ní ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni yóò máa ṣọ́ ọ. Gbogbo àwọn tí o ń ṣí ọ̀nà fún, Ọlọ́run yóò rán ẹni tó máa ṣí i fún ọ. Oòrùn kò ní í pa ọ́ lọ́sàn-án, òjò kò ní í ká ọ mọ́ ìdúró.

Èmi ni bàbá rẹ, àti bàbá ẹnikẹ́ni tó bá jọ ọ́,

Oyèwọlé.